Ẹ̀ṣọ́ Tí Kì Í Jẹun

1.

…kì í ṣe ọ̀hún, ibí ni. Ẹ súnmọ́ ọn. Ẹni tó wà lẹ́nu àkàsọ̀, gòkè wá. Ẹni tó jókòó lórí àpò iyọ̀, sún fún ẹnìkejì rẹ. Ẹ jẹ́ kí èjìká kan èjìká. Ọ̀rọ̀ yìí ò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín àwọn tó ń gbọ́ ọ kọjá.

Ẹ bá mi gbè é:

     Ta ló ń ṣọ́lé?
          — Kò lójú.
     Ta ló ń ṣọ́lé?
          — Kò lẹ́nu.
     Ta ló ń ṣọ́lé tí kò jẹ, tí kò mu?
          — Ẹ má pè é. Ẹ má pè é o.


2.

Moríkẹ́ ni orúkọ obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹja ló ń yan tà ní Etíkàn. Orí òpó igi ni ilé rẹ̀ wà bíi ti gbogbo ayé ibẹ̀, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ, omi ń gba abẹ́ rẹ̀ bọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí: Ọpẹ́fólúwa, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú òkè.

Eré ló fà á. Eré lásán.

Dámi ló kọ́ àwọn ará Etíkàn ní eré náà, tíṣà tí wọ́n gbé wá láti Ìwó. Omi ti wọ kíláàsì méjì, àwọn ọmọ ilé ìwé ti wà nílé, tíṣà ò ríṣẹ́ ṣe. Ló bá kó àgbàlagbà jọ sílé Moríkẹ́ lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí ẹja ń gbẹ lórí iná. Eré Mo-Di ló pè é. Kò ní pátákó, kò ní ọmọ ayò. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. O ó sọ ẹni tí o dì, o ó sọ ohun tí o ṣe, ọmọ lúdò méjì, èyí olójú mẹ́fà tí wọ́n ń jù, á sọ bóyá ó bọ́ sí i.


3.

[Ìwé tí Dámi ya nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, tó fi ìṣó kàn mọ́ ògiri.]

ERÉ MO-DI: TA NI YÓÒ ṢỌ́LÉ?

Ìkòkò iná tí kì í kú wà nílé yín. Àwọn olè òkun ń bọ̀ wá jí i. Oníkálukú yóò mú ẹ̀ṣọ́ kan.

ẸRANKO ABÀMÌ. Ó ń jẹun. Ó ń sùn. Ó mọ òórùn ẹni tó ni ín. Ó lè sá. Ó lè kú.

IWIN TÍ A PÈ. Kì í jẹun. Kì í sùn. Kì í sá. Ọ̀rọ̀ tí o bá sọ fún un ló mọ̀, kò mọ òmíràn. Kì í lọ àfi tí o bá tú u sílẹ̀.

[Bírò pupa ló fi fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn ìkẹyìn. Kò sẹ́ni tó kà á dé ibẹ̀.]


4.

[Láti inú fóònù Wọlé, apẹja, tó gba ohùn wọn sílẹ̀ kó lè máa fi rẹ́rìn-ín lórí òkun. Godwin awakọ̀ omi àti Jọọlá aládùúgbò Moríkẹ́ wà níbẹ̀.]

DÁMI: Bọ̀ọ̀dá Godwin, kí lẹ mú?

GODWIN: Ọ̀nì. Ọ̀nì ẹlẹ́nu méjì. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan nídìí.

JỌỌLÁ: Ibo ni yóò wá gbà yàgbẹ́?

(Ẹ̀rín.)

GODWIN: Ìyẹn ò kàn ọ́. Àbí ìwọ ni olè?

JỌỌLÁ: Akàn ni tèmi. Akàn tó tó ilé. Ẹni tó bá wọlé, ó ti di méjì.

MORÍKẸ́: Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ ò gbọ́n. Ohun tó bá ń jẹun, olè á fún un jẹ. Wọ́n á ju ọ̀bọ̀kún kan sí ọ̀nì Godwin, á máa ju ìrù. Ẹnu méjì, rìbá méjì.

GODWIN: Ohun tó ń jẹun, a lè bẹ̀ ẹ́, Àǹtí. Èyí tí kò jẹun ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́?

MORÍKẸ́: Ta ló fẹ́ bẹ̀ ẹ́? Ilé ni mo ní kó ṣọ́. Iwin ni tèmi.

DÁMI: Ó dáa. Irú ilé wo ló ń ṣọ́, Màmá?

MORÍKẸ́: Ilé… àkàsọ̀ rẹ̀ ní ìgbẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ilẹ̀kùn rẹ̀ rí bí ojú ọ̀run. Ó kọjú sí òkun.

WỌLÉ: Ilé yín nìyẹn!

MORÍKẸ́: Ilé ta ni mo tún mọ̀?

DÁMI: Kí ni orúkọ iwin náà?

MORÍKẸ́: ▇▇▇▇▇▇.

JỌỌLÁ: Moríkẹ́. Níbo lo ti gbọ́ ìyẹn?

MORÍKẸ́: Lẹ́nu ìyá tó bí ìyá mi. Ó ní kí n má pè é láéláé. Ṣebí eré ni?

DÁMI: Eré ni o. Báwo lẹ ṣe ń pè é?

(Moríkẹ́ fi àjẹ̀ ọkọ̀ lu pákó ilẹ̀. Kó. Kó. Kó.)

DÁMI: Báwo ni yóò ṣe mọ olè yàtọ̀?

MORÍKẸ́: Ṣebí inú òkun ni wọ́n ti ń bọ̀? Ẹsẹ̀ wọn á tutù. (Ó gbóhùn sókè.) Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tútù wọ ilé yìí, má jẹ́ kó jáde!

DÁMI: Ẹ jù ú.

(Ìró ọmọ lúdò.)

DÁMI: Mẹ́fà, mẹ́fà! Ó ti gbà fún yín!

(Ìhó ayọ̀. Ohùn Moríkẹ́ ló ga jù.)


5.

Ẹsẹ̀ ta ni kì í tutù ní Etíkàn?


6.

Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè lọ́jọ́ náà. Wọn ò lè bi í. Ẹni tí wọ́n bí sórí omi kì í rí omi lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Dámi pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní ìjọba pe àwọn tíṣà sí Àkúrẹ́ fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan, bóun bá dé, àwọn á máa bá a lọ. Ó kó ọmọ lúdò sápò. Jọọlá lọ. Godwin lọ. Wọlé lọ. Gbogbo wọn ti wà nínú ilé kí Moríkẹ́ tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò bá wọn.

Ọ̀nì Godwin lọ sùn. Akàn Jọọlá lọ wá oúnjẹ.

Iwin Moríkẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́.


7.

Sọ́ńdè. Ajá Jọọlá gun àkàsọ̀ dé ìgbẹ́sẹ̀ kẹjọ. Ó jókòó. Ó wo ẹnu ọ̀nà bí ìgbà téèyàn ń wo ojú ẹni tí kò mọ̀. Ó fẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀.

Mọ́ńdè. Èéfín ẹja, tó máa ń gba ẹnu ọ̀nà jáde láti ọdún mọ́kànlélógún, dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó padà sínú yàrá. Moríkẹ́, tí kò tíì kúrò nídìí ẹja láti Sátidé, wúkọ́ títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ní atẹ́gùn ni.

(Ó lè jẹ́ atẹ́gùn.)

Túsìdeè ni ti Wọlé.


8.

[Ohùn tí Wọlé fi ránṣẹ́ sí Godwin, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ná Igbókòdá.]

"Bọ̀ọ̀dá Godwin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo lọ tọrọ iyọ̀ nílé Àǹtí Moríkẹ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti bọ́ sórí àkàsọ̀, omi ṣì ń ro ní sòkòtò mi. Wọ́n fún mi níyọ̀. Mo ní ó dàbọ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ò lọ. Kò dùn mí o. Kò wú. Ó kàn dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró. Mo padà wá jókòó, ẹsẹ̀ ń lọ. Mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà, kò lọ. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni o! Ó ti di mẹ́rin. Àǹtí ò wo ojú mi mọ́. Wọ́n kàn ń wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ gbé ọkọ̀ wá sábẹ́ fèrèsé. Fèrèsé o. Ẹ má wọlé."


9.

Fèrèsé ni wọ́n gbà fà á jáde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bá a jáde.

Ẹsẹ̀ òsì náà bá a jáde. Ṣùgbọ́n ó ń wọ́ ọ láti ọjọ́ náà ni, bí ẹni tó ń fa ẹrù ẹlẹ́rù.

Àwọn kan ní pajápajá ni. Kí wọ́n máa wí.


10.

[Wasáàpù. Moríkẹ́ kò lè kọ ìwé púpọ̀, ohùn ló fi ń ránṣẹ́. Dámi ń kọ tirẹ̀.]

MORÍKẸ́: Tíṣà, ẹ wá tú nǹkan yẹn sílẹ̀.

DÁMI: 😂😂 Màmá mi! Eré ni o

MORÍKẸ́: Ẹsẹ̀ Wọlé kì í ṣe eré.

DÁMI: Ẹ ní kó fi omi gbígbóná wọ́ ọ

MORÍKẸ́: Mo ti ní kó máa lọ. Mo ti pariwo. Àtàárọ̀ ni mo ti ń bá ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀, Jọọlá ti ní mo ya wèrè. Èéfín ṣì ń padà.

DÁMI: Nínú òfin eré, ẹ ó ju ọmọ lúdò méjèèjì kẹ́ ẹ tó lè tú u. Kó pé mẹ́wàá tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Èmi ni mo sì kó wọn dání 🙈

MORÍKẸ́: Ọpẹ́ ń bọ̀ ní Fúráìdé.

DÁMI: Ẹ bá mi kí i

MORÍKẸ́: Ó ń padà ní Sọ́ńdè. Mọ́ńdè ni ìdánwò àṣekágbá. Bí ò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kó má wá, ó ní òun ti sanwó ọkọ̀. Tíṣà. Bó bá wọlé, tí kò lè jáde ńkọ́?

MORÍKẸ́: Ìwọ lo ni eré. Jókòó síbẹ̀ yẹn, kó o sọ fún un kó máa lọ.

DÁMI: Ẹ̀yin lẹ pè é, Màmá. Ohùn yín ló mọ̀.

DÁMI: Sátidé ni mo máa kúrò níbí


11.

[Páálí, èédú ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó wà lára òpó àkàsọ̀.]

          Ẹ NU ẸSẸ̀

               KẸ TÓ GÒKÈ

     BÓ BÁ ṢÌ TUTÙ DÚRÓ SÍSÀLẸ̀

               MI Ò BÁ ẸNIKẸ́NI JÀ


12.

Bí Moríkẹ́ ṣe ń gbẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní ìlú tí kò ní ilẹ̀ gbígbẹ:

àkísà;

eérú ibi ìyanja, kó fi pa á títí dé kókósẹ̀;

ọ̀rá tí wọ́n fi di pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwọn, kó so ó mọ́ ẹsẹ̀ kó tó bọ́ sínú ọkọ̀;

kó jókòó lórí ìgbẹ́sẹ̀ keje, kó na ẹsẹ̀ sí oòrùn, kó máa fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.

Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lójúmọ́. Jọọlá gba abẹ́ ilé kọjá nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ojú sókè.

"Moríkẹ́! O ti wá di ológbò?"

"Máa lọ."

"Ológbò Etíkàn! Kú ìbẹ̀rù omi!"

"Jọọlá, mo ní máa lọ. Má gòkè."

Ohùn tó fi sọ ọ́ ló jẹ́ kí Jọọlá gbé àjẹ̀ rẹ̀, kó máa tukọ̀ lọ.


13.

Fúráìdé. Ọkọ̀ Godwin fi ara kan àkàsọ̀. Ọpẹ́fólúwa wà nínú rẹ̀, ó wọ bàtà funfun, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Má sọ̀kalẹ̀!" Moríkẹ́ wà lókè. "Godwin, pọ̀n ọ́n."

"Ìye, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí," ọmọ dá ìyá rẹ̀ lóhùn.

"Pọ̀n ọ́n, mo ní. Kí omi má kàn án."

Godwin pọ̀n ọ́n. Ó ń mí hẹ̀lẹ̀ hẹ̀lẹ̀. "Àǹtí, kí lẹ fi tọ́ èyí? Ó wúwo ju ẹ́ńjìnnì mi lọ."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń sọ ẹyin kalẹ̀. Ẹsẹ̀ gbígbẹ. Moríkẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án, ọ̀kan, èkejì. Ó mí kanlẹ̀. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún ọmọ náà: eré, orúkọ, Wọlé.

Ọpẹ́fólúwa rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìyá rẹ̀ mú. "Ìye mi! Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba rìbá! Ẹ yá ìjọba lò."

Moríkẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti Túsìdeè. Wọ́n jẹun. Moríkẹ́ kọjú sí ẹja, ó ń yí i padà lórí iná, ó ń kọrin, inú rẹ̀ ti dùn díẹ̀:

     Ọma mi dé, ilé kún,
     Ọma mi dé, omi rọ̀…

Ọmọ ń bá a gbè é. Ohùn ọmọ wá láti ìdí iná. Ohùn ọmọ wá láti ẹnu ọ̀nà. Ohùn ọmọ wá láti ìsàlẹ̀ àkàsọ̀. Ìró abọ́ nínú omi. Ohùn ọmọ padà dé ẹnu ọ̀nà, padà dé ìdí iná.

Moríkẹ́ yíjú.

Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í fi abọ́ sílẹ̀ láìfọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Lórí pákó, láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí ẹní: ọmọ ìka márùn-ún, gìgísẹ̀. Ọmọ ìka márùn-ún, gìgísẹ̀. Ó ń dán.

"Ọpẹ́."

"Ìye?"

"Má dìde."


14.

Ilé náà dákẹ́ bí ẹni tó ń ka ipasẹ̀ wọ̀nyẹn.


15.

Sátidé. Èyí ni wọ́n bá ara wọn sọ.

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹnu ọ̀nà wò, Ìye."

"Má gbìyànjú."

"Bí mo bá jáde, ẹ̀rù á kúrò lára yín."

"Bí o ò bá jáde ńkọ́? A ti mọ̀ nìyẹn. N ò tíì fẹ́ mọ̀."

"Fèrèsé wà níbẹ̀."

"Ẹsẹ̀ Wọlé wà níbẹ̀."

Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Wọlé kí nọ́ọ̀sì lè wò ó. Abẹ́ fèrèsé ló gbé ọkọ̀ sí, ó na ẹsẹ̀ òsì sókè. Ọpẹ́fólúwa tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ó fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó fọwọ́ kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ẹsẹ̀ náà pé. Iṣan pé, egungun pé.

"Kí ló ń ṣe é, Nọ́ọ̀sì?" Wọlé bi í.

Ọpẹ́fólúwa sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ láti ìgbà náà. Ó kó ìwé rẹ̀ jáde, ó ń kà á, ojú ewé kan náà ló ń ṣí láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́.


16.

[Sọ́ńdè, ọ̀sán. Dámi ti dé. Oníkálukú nu ẹsẹ̀, wọ́n wọlé. Wọlé kọ̀, orí ìgbẹ́sẹ̀ ló jókòó sí, ó ki orí nìkan wọlé. Fóònù rẹ̀ ń gba ohùn.]

DÁMI: Ẹ káàbọ̀ sí Eré Mo-Di. Màmá, kí lẹ fẹ́ ṣe?

MORÍKẸ́: Mo fẹ́ tú u sílẹ̀.

DÁMI: Ẹ sọ ọ́ fún un.

MORÍKẸ́: ▇▇▇▇▇▇. Mo pè ọ́, o jẹ́ mi. O ò sùn. O ò yà. Iṣẹ́ ti tán. Ẹni tó wà nínú ilé yìí kì í ṣe olè, ọmọ mi ni. Máa lọ.

GODWIN: Àmín.

JỌỌLÁ: Godwin, àdúrà kọ́ nìyí.

GODWIN: Kí n wá sọ pé kí ni?

DÁMI: Mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ jù ú.

(Ọwọ́ ń gbọn ọmọ lúdò: ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́.)

(Ìró.)

DÁMI: Mẹ́fà! Ọ̀kan ti mú mẹ́fà!

WỌLÉ: Èkejì ńkọ́? Ó ń yí!

JỌỌLÁ: Dá a dúró! Àlàfo pákó! Àlàfo…

(Tó.)

GODWIN: Ó ti bọ́ sómi.

DÁMI: Mẹ́rin ló kù. Kó ṣáà ti jẹ́ mẹ́rin, tàbí márùn-ún, tàbí mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan tó kù tún un jù.

MORÍKẸ́: Rárá.

DÁMI: Màmá, a ò rí i. Kò kà.

MORÍKẸ́: Ẹ̀yin lẹ ò rí i. Mo ti jù ú. Ó ti balẹ̀. Ojú tó kọ sókè níbẹ̀ ló kọ sókè. Ṣé ohun tí kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ fẹ́ kí n máa bá ṣe àtúnṣe?

JỌỌLÁ: Òótọ́ ló sọ, Tíṣà. Ohun tó ti lọ sábẹ́ omi, ẹni abẹ́ omi ló kà á.

GODWIN: Omi ń fà o. Bí n kò bá gbéra kí agogo méjì tó lù, orí ẹrẹ̀ lọkọ̀ á sùn. Ọpẹ́, ṣé o ń lọ?

ỌPẸ́FÓLÚWA: Màá kọ́kọ́ jẹun.


17.

Wọ́n jẹun. Ẹ ò bá rí i! Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni Moríkẹ́ ti ń sè é. Pupuru funfun, ó rọ̀ bí ọwọ́ ọmọdé. Ọbẹ̀ màrúgbó dúdú, ata rẹ̀ ń kọrin lọ́fun. Ọ̀bọ̀kún tó sanra, orí fún Godwin, ikùn fún Jọọlá, ìrù fún tíṣà nítorí òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìrù nìkan, Màmá?"

"Dúpẹ́ pé o rí ìrù."

Ẹ̀rù wà nílé náà o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò ní kí òkèlè má bọ́ lọ́fun. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́. Jọọlá dá orin, wọ́n gbè é, pákó ń mì lábẹ́ wọn. Wọlé jẹ tirẹ̀ lórí ìgbẹ́sẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un bù, wọ́n tún un bù.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ń lọ.

Jọọlá lọ. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

Dámi lọ. Ó di ọmọ lúdò kan mọ́ ọwọ́, kò fi sápò.

Wọlé lọ. Ó kó ìyókù ọbẹ̀ dání fún ilé, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Godwin sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ẹ́ńjìnnì. Ó gbé báàgì Ọpẹ́fólúwa lọ́wọ́.

Gbogbo wọn yó. Gbogbo wọn ń kí Moríkẹ́ pé o ṣeun, oúnjẹ rẹ dùn, a ó máa rí oúnjẹ jẹ. Ó ń dáhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn.


18.

Ó ku ìyá, ó ku ọmọ.

Ọpẹ́fólúwa dìde. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Kò tíì kúrò lójú kan.

Moríkẹ́ ò wò ó. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó jáde, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ìgbẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án, kò sì dúró lórí ìgbẹ́sẹ̀ ìkẹyìn. Ó bọ́ sínú omi. Omi mu ún dé orúnkún. Godwin rí i. Godwin ya ẹnu.

Ó dúró sínú omi náà fún bí ìṣẹ́jú kan.

Ó gòkè. Kò mú àkísà. Kò mú eérú. Aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojúgun rẹ̀, omi ń ro. Ó wọlé.

Ọmọ ìka márùn-ún, gìgísẹ̀.

"Ìye! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo wọlé. Bó bá mú ọ, á mú mi."

Ó na ọwọ́. Ọmọ dì í mú. Ọwọ́ méjèèjì tutù, kò sí èyí tó lè mú èkejì móoru. Wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Lókè orí wọn, èéfín ń lọ, tàbí ó ń bọ̀. Nísàlẹ̀, Godwin fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́. Ó tún un fà. Ó mú.

"Ẹsẹ̀ wo ni ká kọ́kọ́ gbé, Ìye?"

"Èyíkéyìí, ọma mi. Èyíkéyìí tó bá ti wù ọ́."